Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìmọ̀ràn fún obìnrin tó ń du ipò olórí nílé aṣòfin

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń lọ òde ìyàwó kì í dé ẹnu ọ̀nà àpéjẹ tán kó tó máa wá gèlè kiri. Ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ ní ìwà ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, àmọ́ mo fẹ́ fi í bá àwọn obìnrin wa tó ń lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ní i lọ́kàn láti di olórí níbẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ilé yín wà: àárín àwọn aṣòfin tí yóò dìbò fún yín ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 2011. Ẹgbẹ́ òṣèlú PDP ló ní ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé aṣojú-ṣòfin. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ti pín ipò olórí ilé fún gúúsù ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì ti fa Mulikat Adeola-Akande, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, 90 ni tirẹ̀. Aminu Tambuwal láti Sókótó, ọmọ ẹgbẹ́ PDP kan náà, ní 252. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò fún ẹlòmíì, àwọn aṣòfin ACN, ẹgbẹ́ alátakò, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ilẹ̀ Yorùbá rán lọ lọ́dún náà, Tambuwal ni wọ́n tì lẹ́yìn.

Àwọn kan ní torí pé obìnrin ni. N kò ní bá wọn jiyàn, mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin nídìí òṣèlú wa. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ọdún 2003 ló ti wọlé, nígbà tó jẹ́ pé 2007 ni Mulikat dé. Ó ti ṣe igbákejì whip, iṣẹ́ tó jẹ́ ti kíkó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ láti dìbò. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn yóò mọ ẹni tí inú ń bí, ẹni tí wọn kò fún ní ìgbìmọ̀ tó fẹ́, ẹni tó ń bẹ̀rù pé àgbègbè òun kò ní dá òun padà. Abala 50 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sì sọ ọ́ kedere pé àwọn aṣòfin ni yóò yan olórí láàárín ara wọn. Àṣẹ láti oríkò ẹgbẹ́ kò ní ìbò kankan nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Ọ̀rọ̀ Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè, ṣì máa ń dùn mí. Obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ilé aṣojú-ṣòfin wa ni. Oṣù Kẹfà ọdún 2007 ló gorí àga, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹwàá ló sọ̀ kalẹ̀, lórí ẹ̀sùn àtúnṣe ilé àti ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó 628 mílíọ̀nù náírà. Iṣẹ́ irun ṣíṣe tó kọ́ ni wọ́n fi ń bú u, bí ẹni pé kò ti wà nílé náà láti 1999. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbà pé Obasanjo ló gbé e dé orí àga, Obasanjo sì ti kúrò ní Aso Rock lóṣù Karùn-ún. Nígbà tí ìjì dé, àwọn tí yóò dìde fún un nínú ilé kò tó.

Ẹ wá wo Nancy Pelosi l'Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ni olórí ìlú Baltimore nígbà tó wà lọ́mọdé. Ilé wọn kì í dá: ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá ibùsùn nílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Àwọn ọmọ ilé ló máa ń jókòó tì wọ́n, wọ́n á kọ orúkọ àti ohun tí kálukú ń fẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti kọ́ òṣèlú nìyẹn. Nígbà tó dé ilé aṣòfin ní 1987, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá owó ìpolongo, ó ń tẹ̀ lé wọn lọ sí àgbègbè wọn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2001 ó borí Steny Hoyer, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìbò 118 sí 95, ó di whip. Lọ́dún 2007 ó di olórí ilé. Nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ búra ní 2018 pé àwọn kò ní dìbò fún un mọ́, ó pè wọ́n jókòó, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó gbà láti fi òǹkà sí iye ọdún tí òun yóò lò. Ìbò 220 ló gbé e padà sórí àga olórí ilé lóṣù Kìíní ọdún 2019.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Òru ni wọ́n ń ṣèpàdé òṣèlú níbí, ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, nílé alágbára kan. Obìnrin tó bá lọ, wọ́n á bà á lórúkọ jẹ́. Èyí tí kò bá lọ, wọ́n á ti pín ipò tán kó tó jí. Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe dá lọ, ẹ má sì ṣe jókòó sílé. Ẹ mú obìnrin méjì mìíràn dání, bí wọn kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ pe ìpàdé tiyín lọ́sàn-án, nílé yín. Bí wọ́n bá ń sin ìyá aṣòfin kan n'Ímò, tí wọ́n ń wé láwàní fún òmíràn ní Sókótó, kí wọ́n rí yín níbẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò nìkan.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin dìbò tako àbá tó fẹ́ ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin. Inú bí mi, ó sì yẹ kí àbá náà padà wá. Ṣùgbọ́n kó tó padà wá, nínú aṣòfin 360 tó wà nílé aṣojú báyìí, obìnrin kò tó ogún. Bí gbogbo ilé bá pé, olórí nílò ìbò 181. Bí gbogbo obìnrin bá tilẹ̀ dìbò fún yín, ó ṣì ku ọkùnrin tó lé ní ọgọ́jọ. Ẹ mú bírò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn, àti ohun tí kálukú wọn ń wá.