Kì í ṣe àdàkọ inú mẹ́mórì ló ń mú ìró pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, títí kan àwọn kan tó ń kọ driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ kan) fúnra wọn, ló gbà pé bí èèyàn bá tẹ dùùrù tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ìró rẹ̀ sì pẹ́ kó tó jáde, dída tí wọ́n ń da ìró náà kọ láti inú mẹ́mórì kan sí òmíràn ló fà á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi jókòó ṣírò rẹ̀.

Ìró tó ń jáde ní gbohùngbohùn méjì, tí a ń wọ̀n ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì méjì, jẹ́ báìtì 192,000 péré, bẹ́ẹ̀ mẹ́mórì òde òní ń kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù báìtì láàárín àkókò kan náà. Buffer ni àyè inú mẹ́mórì tí ìró ti ń dúró kó tó dún; férémù kan sì ni ìwọ̀n kan fún gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan. Buffer tó gba férémù 1,024 kò ju báìtì 4,096 lọ; ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti tó láti dà á kọ. Ṣùgbọ́n kí férémù 1,024 yẹn tó dún tán, mílísẹ́kọ́ńdù 21 ti kọjá, ẹ̀yìn wọn sì ni ìró tuntun gbọ́dọ̀ tò sí. Bí akọ̀wé ṣe yára kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó, kò ní kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Lórí Linux, ẹ ṣí fáìlì /proc/asound/card0/pcm0p/sub0/hw_params nígbà tí ìró bá ń lọ. Bí access, ìyẹn ọ̀nà tí ètò ń gbà fi ìró sínú buffer, bá yí padà láti RW (tó ń da ìró kọ) sí MMAP (tó ń jẹ́ kí ètò kọ ìró tààrà sínú buffer), tí buffer_size kò sì yí padà, ìpẹ́ náà wà níbẹ̀. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àwọn tó ń fi mmap yangàn lórí ẹ̀rọ USB, nítorí snd-usb-audio, driver Linux fún ẹ̀rọ ìró USB, ṣì ń da ìró náà kọ sínú àwọn buffer tó ń gba ojú USB lọ.

WaveRT, irú driver ìró tó bá Windows Vista dé, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí pé àdàkọ ló ń fa ìpẹ́. Lóòótọ́, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ìró máa kà tààrà láti inú buffer kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n èrè tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé driver kò ní láti dá sí gbogbo ìpín ìró tó ń kọjá mọ́. KMixer, ètò tó ń po ìró pọ̀ nínú Windows XP, náà sì ti kúrò lọ́nà, èyí tí ìró tó ń tò jọ sínú rẹ̀ ń fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 30 kún ìpẹ́.

Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí àdàkọ ń ṣe wá lóore. Lórí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan, mẹ́mórì tí ẹ̀rọ ìró ń kà kì í gba inú cache (mẹ́mórì kékeré tó yára tó wà nítòsí CPU) kọjá, kíkà á padà sì máa ń falẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá po ìró pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó wá dà á kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò yára ju ẹni tó ń pò ó nínú mẹ́mórì yẹn gan-an lọ.

Buffer ni kí ẹ dín kù. Férémù 128 gba mílísẹ́kọ́ńdù 2.7, àmọ́ bí ètò yín kò bá tètè dé láàárín àkókò yẹn láti fi ìró mìíràn síbẹ̀, ìró náà á máa já.