Nitrate inú ẹ̀fọ́ kì í ṣe májèlé, ẹ yé dẹ́rù ba àwọn èèyàn

Àǹtí mi kan tún fi fóònù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí láàárọ̀ àná, ohùn ẹnì kan tó ń pariwo fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin pé májèlé ni nitrate, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀fọ́, pé òun náà ni wọ́n ń fi sí sọ́séèjì kó má bàjẹ́, pé òun ló sì kún inú bíítrúùtù àti ẹ̀fọ́ eléwé, torí náà kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ọkàn ẹ̀ sá fún gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa gbọ́ ọ lọ́dún yìí. Mi ò bá dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ bọ̀ọ̀dá mi kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru fèsì pé àwọn ti jáwọ́ nínú ẹ̀fọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tí BP ń yọ lẹ́nu! Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa nitrate yìí látẹnu. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀fọ́, nitrate inú ẹ̀ máa wọnú ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun, púpọ̀ nínú ẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ, àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa padà sẹ́nu. Àwọn ẹṣẹ́ tó ń sun itọ́ ló ń fà á jáde látinú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kó o jọ débi pé nitrate inú itọ́ á fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Ṣé ara á máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣa májèlé jọ sẹ́nu ni? Ó ní ẹni tó ń kó o dè. Ní ẹ̀yìn ahọ́n, níbi tó jìn tí búrọ́ọ̀ṣì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, àwọn bakitéríà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ nitrate di nitrite, iṣẹ́ yìí ara èèyàn fúnra ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe é rárá. A ó wá gbé itọ́ mì, nitrite yẹn á dé inú ikùn àti ẹ̀jẹ̀, á di nitric oxide, gáàsì tó ń sọ fún òpó ẹ̀jẹ̀ pé kó dẹ̀, kó fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Lórí iṣẹ́ tí gáàsì yìí ń ṣe nínú ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ni Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad ṣe gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998.

Wọ́n ti dán an wò o. Lọ́dún 2008, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí ara wọn le ní omi bíítrúùtù, ìdajì lítà, kó tó pé wákàtí mẹ́ta nọ́ńbà òkè BP wọn ti fi bíi 10 wálẹ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn kan mu omi kan náà, àmọ́ kí wọ́n máa tu itọ́ wọn dànù, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e mì. Omi bíítrúùtù ti wà níkùn wọn o, síbẹ̀ BP wọn ò wálẹ̀. Ohun tí bakitéríà ṣe sínú itọ́ ni wọ́n tu nù.

Eléyìí tó kàn ló dùn mọ́ mi jù. Lọ́dún 2015, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ru ló mu 250 mílílítà omi bíítrúùtù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìdajì wọn ń mu ojúlówó, ìdajì tó kù ń mu èyí tí wọ́n ti yọ nitrate kúrò nínú ẹ̀, bíítrúùtù náà ni, nitrate nìkan ni ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà òkè àwọn tó mu ojúlówó fi bíi 7 sí 8 wálẹ̀, ti àwọn yòókù ò yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Nitrate tẹ́ ẹ ní ó ń pààyàn yẹn gan-an ló ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n yọ ọ́, iṣẹ́ dáwọ́ dúró.

Èmi fúnra mi ti rí i. Wọ́n yọ eyín fún mi, wọ́n sì fún mi ní máúsíwọ́ọ̀ṣì tó ní chlorhexidine, oògùn tó ń pa bakitéríà ẹnu, pé kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi ń lò ó lọ fún oṣù méjì torí mo gbà pé gbogbo kòkòrò ẹnu ni ọ̀tá. Àràárọ̀ ni mo máa ń wọn BP mi kí n tó jẹun, mo sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. 124, 126, 125 ló ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, 131, 130, 133. Iyọ̀ ò pọ̀ sí i, mò ń sùn dáadáa. Ìgbà tí mo ka ìwádìí ọdún 2013 ló tó yé mi, èèyàn 19 tí ara wọn le ló fi chlorhexidine yọ ẹnu fún ọ̀sẹ̀ kan, nitrite inú itọ́ wọn fi bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, BP wọn sì fi 2 sí 3.5 lọ sókè. Mo gbé ìgò náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí oṣù tó parí, ìwé mi ti padà sí 125. Mo mọ̀ pé ìwé ẹnì kan ò tó ẹ̀rí, kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí ló bá iye kan náà pàdé.

Ti sọ́séèjì tí wọ́n ń sọ, òótọ́ ni pé ẹran tí wọ́n fi nitrite tọ́jú ò dáa, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015. Ẹran nìyẹn! Inú ẹran, pàápàá lórí iná tó gbóná janjan, ni nitrite ti ń di nitrosamine, èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀fọ́ ń gbé fítámì C tó ń dènà ẹ̀ wá pẹ̀lú ara ẹ̀. Ti omi kànga tí nitrate pọ̀ nínú ẹ̀, tó ń ṣe ọmọ ọwọ́ níjàǹbá, ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ nìyẹn, ẹ fi àgbàlagbà sílẹ̀. Ní Denmark, wọ́n tọpa èèyàn tó lé ní 50,000 fún bí ọdún 23, àwọn tó ń jẹ nitrate látinú ẹ̀fọ́ dáadáa, nǹkan bíi 60 míligíráàmù lójúmọ́, àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ò mú wọn tó àwọn tí ò jẹ ẹ́, ó fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Iye yẹn ò ju ife ẹ̀fọ́ eléwé kan lọ.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi o, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ sì ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà ẹ̀ kó tó máa mu bíítrúùtù.

Mo ti pe bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ní àwọn á padà sídìí ẹ̀fọ́ àwọn. Wọ́n wá bi mí pé máúsíwọ́ọ̀ṣì tí àwọn ń lò láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́, mo ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìgò ẹ̀ fún mi. Chlorhexidine ni.