Orí Ni Akoto Wà Fún
Inú máa ń bí mi gidigidi bí mo bá gun ọ̀kadà, tí akoto ẹni tó gbé mi ń fì dirodiro lára ọwọ́ alùpùpù, àfi ìgbà tó bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lókèèrè ni yóò tó sáré dé e, láìso okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà, fi ọwọ́ líle mú òfin pé kí ẹni tó bá gun ọ̀kadà dé akoto, igbá ni àwọn kan dé sórí! Ọlọ́kadà mìíràn a ní, «Orí mi ni, kí ló kàn yín?» Ó kàn wá. Bí orí náà bá fọ́, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa wá owó ilé ìwòsàn kiri. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn, tí kò ní akoto kankan fún, ńkọ́?