Gbogbo ilé gbóòórùn, ife ò gbóòórùn

Mi ò lè sọ ọ́ lójú àǹtí mi, ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Efínrín tí mo fara balẹ̀ sá síbi ibòji fún ọjọ́ márùn-ún! Mi ò gbé e sóòrùn o, torí oòrùn a máa gba òórùn lára ewé. Nígbà tó gbẹ tó ń rún wómúwómú, mo kó o sígò, mo dé e pinpin.

Àǹtí mi dé lánàá, wọ́n ní àwọn fẹ́ mu tíì. Mo dìde, wọ́n ní kí n jókòó. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni wọ́n bù sínú ìkòkò, wọn ò dé e, wọ́n sì koná mọ́ ọn. Ó ń hó yaya.

"Ṣé o ń gbọ́ òórùn ẹ̀? Ewé yìí mà dáa o!"

Mo ń gbọ́ ọ, mà. Mo gbọ́ ọ ní pálọ̀, mo gbọ́ ọ ní yàrá, mo gbọ́ ọ lára aṣọ tí mo fi kọ́. Inú ife nìkan ni mi ò ti gbọ́ ọ.

Òróró ló ń mú ewé ta sánsán, ooru ló sì ń gbé òróró náà fò lọ. Ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ó parí. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rún un sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́, kó má sì pọ̀: ṣíbí kékeré kan gbígbẹ tó mẹ́ta tútù. (Ewé béè, ìyẹn "bay leaf", lọ́tọ̀. Ewé líle nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ni tiẹ̀.) Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé bí ìyá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo ti gbọ́.

Àǹtí gbé ife sẹ́nu, wọ́n fajú ro. "Ẹn-ẹ́n! Èyí ló ń jẹ́ tíì. Ó korò dáadáa."

Mo dákẹ́. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni hópù, òdòdó kan táwọn apọntí ń lò, èyí tí òfin Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ti ọdún 1516 kà mọ́ ọkà báálì àti omi pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni kó wọ bíà. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kó korò, wọ́n á sè é tó wákàtí kan. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kó ta sánsán, ìparí ni wọ́n ń dà á sí i. Ohun kan náà, iṣẹ́ méjì.

Àbí ìkorò ni Àǹtí ń wá látilẹ̀? Ta wá ni mo ń bá jà?

Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ méjì! Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n gbé ìgò yẹn pamọ́ ni, tàbí kí n tètè lọ sá òmíràn.