Owó kòrónà fo àwọn tó ń dáṣẹ́ ṣe dá

Àwọn kan ní gbogbo oníṣẹ́ ara ẹni l'Ékìtì ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó Survival Fund ọdún 2020, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké nígbà kòrónà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ìjọba bá ilé-iṣẹ́ san fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ní òṣìṣẹ́, ló wà fún. ₦30,000 ẹlẹ́ẹ̀kan ti oníṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ẹgbẹ́ ni orúkọ ti ń jáde nígbà náà: télọ̀, onídìrí, awakọ̀. Ẹgbẹ́ wo ni ẹni tó ń túmọ̀ èdè lórí kọ̀ǹpútà n'Ìkéré fẹ́ bá lọ? Bí orúkọ orí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, bá tún yàtọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù nígbà náà, bí Adéọlá àti Déọlá lásán, owó lè há sọ́nà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ tún orúkọ náà ṣe ní báńkì; wọ́n lè béèrè àfídáfíìtì, ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́.