Òfin Wo Ló Ní Ká Dúró Fún Wákàtí 24?

Ìkìlọ̀ ọlọ́pàá tún ti jáde, bó ṣe máa ń jáde lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán: kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin yé lọ pàdé ẹni tí wọ́n mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí à ń retí lẹ́nu ọlọ́pàá kọ́ nìyẹn. Ohun tí à ń retí ni kí wọ́n sọ ìdí tí ẹbí tó bá sáré dé àgọ́ wọn lóru pé ọmọ àwọn sọnù fi ṣì ń gbọ́ gbólóhùn kan náà: "Ẹ lọ dúró kó pé wákàtí 24 ná."

A ti kọ ọ́ sójú ewé yìí rí, a ó sì tún un kọ. Kò sí ibi tí òfin Nàìjíríà ti ní kí wákàtí 24 kọjá kí ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ ẹni tó sọnù. Àwọn agbẹnusọ ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Kí ló wá dé tí ohun tí wọ́n mọ̀ ní olú-iléeṣẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sídìí káńtà?

Ẹ wo ohun tó ń lọ láàárín wákàtí 24 yẹn. Bátìrì fóònù á kú. Òmíràn nínú oògùn tí wọ́n ń dà sínú ohun mímu kì í ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ nínú ìtọ̀ tí àyẹ̀wò kò fi ní rí i mọ́. Ọkọ̀ tó kúrò ní Lẹ́kìí lálẹ́ lè ti gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n. Wákàtí tí ọlọ́pàá ní ká fi dúró, ọ̀daràn kì í fi dúró.

Kò yẹ kó jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2012, àwọn tó fi Facebook tan ọ̀dọ́bìnrin kan wá sí Èkó lórúkọ òwò pa á sínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac. Kámẹ́rà òtẹ́ẹ̀lì àti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù wà lára ohun tó tú àṣírí wọn. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga Èkó tó dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Àkọsílẹ̀ ìpè àti kámẹ́rà: ohun méjèèjì yìí ni ọlọ́pàá tó bá tètè dìde máa ń bá nílẹ̀, òun náà sì ni ẹni tó bá fi falẹ̀ máa ń pàdánù.

Láyé àwọn bàbá wa, alárinà ló ń ṣọ́nà. Ó mọ ilé, ó mọ ìyá, ó mọ ìwà, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ ẹlẹ́ni lọ sílé tí kò mọ̀. Lónìí, Tinder àti Instagram ti gba ipò alárinà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ ló gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe.

Kí ìpàdé tó wáyé, ẹ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ máa ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà ní ohun tó ń fi pamọ́. Ẹ gbé àwòrán rẹ̀ sínú Google Lens, tó ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ti ẹlòmíràn ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sán ni kó jẹ́, níbi tí èrò wà, kí owó tí ẹ máa fi padà sílé sì ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jáde. Ẹni tó fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé yín wá ló ń pinnu ìgbà tí ẹ máa kúrò. Ohun mímu tí wọn ò ṣí lójú yín, ẹ má mu ún; èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ ilé ìtọ̀, ẹ ra òmíràn.

Kí ọ̀rẹ́ kan ní nọ́ńbà onítọ̀hún, àwòrán rẹ̀, orúkọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa pè. Nínú live location ti WhatsApp, tó ń fi ibi tí ẹ wà han ọ̀rẹ́, ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8 ni ẹ lè mú. Wákàtí 8 ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan: tí dátà bá tán, ibi tó bá yín ló máa dúró sí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ náà wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. "Ibí ti kún jù, jẹ́ ká kúkú lọ sílé mi" ni wàhálà sábà máa ń gbà wọlé.

Ọ̀rẹ́ tó gba iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ sùn. Tí aago bá kọjá, kó pe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó tún pe, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí, torí àtẹ̀jíṣẹ́ "mo wà dáadáa" kì í fi ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ hàn. Bí kò bá sí ìdáhùn, kó pe ibi ìpàdé, kó pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112, tàbí 767 l'Ékòó, kó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Kó mú àwòrán tuntun dání, kó sọ irú aṣọ tí ẹ wọ̀ jáde, kó sì ní nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín. Ẹ tẹ *#06# lónìí, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde síbi tí ẹbí lè rí i. Fóònù tó ti sọnù kò lè sọ tirẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń peni jáde, ẹ má bínú tí wọ́n bá fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹ sọ orúkọ yín gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí àlejò yín mú ibi ìpàdé. Kì í ṣe obìnrin nìkan ni wọ́n ń dẹ pàkúté fún. Àwọn ọkùnrin náà ń bá ara wọn nínú yàrá tí wọ́n ti ń lù wọ́n títí wọ́n á fi sanwó láti inú báńkì wọn, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn fẹjọ́ sùn.

Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀, kó má tíì wẹ̀. Kó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe inú ọ̀rá, torí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kó dé ọsibítù kí wákàtí 72 tó kọjá, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel Centre, tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà ní LASUTH, ọsibítù Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà.

Gbogbo èyí ni ará ìlú lè ṣe, ẹnu káńtà ọlọ́pàá ló sì máa ń dúró sí. Ó ti sú wa. À ń fẹ́ kí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara káńtà, ní èdè Yorùbá, pé ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gba ẹjọ́ ẹni tó sọnù. Kí wọ́n kọ aago tí ẹbí dé sínú ìwé, kí ẹbí gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ, láìsan kọ́bọ̀, láìra epo sọ́kọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá tó bá sì tún dá ẹbí padà lóru, kó dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó wá tọ́ka sí òfin tó ń tẹ̀ lé.