Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún: ọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ tó dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ti túká tán ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Lójú tiwa, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ìgbà tí eré bá ṣì ń dùn gan-an ló yẹ ká pa á, torí ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ṣeré ṣì lè jókòó ti ara wọn, kí wọ́n sọ bí nǹkan yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá dìde.

Ẹni tó bá ti wo Shut Up Flower Boy Band mọ ohun tí à ń wí. Eré orí tẹlifíṣàn Gúúsù Kòríà ni, apá 16, tí ìkànnì tvN fi hàn láti ọjọ́ 30 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2012. Ọmọ iléèwé girama mẹ́fà tí kò sí owó nílé wọn ló dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọ́n pè é ní Eye Candy. Joo Byung-hee ni olórí: òun ló ń kọrin, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ẹgbẹ́ ń wò. Kwon Ji-hyuk àti Lee Hyun-soo ń ta gìtá, Kim Ha-jin wà nídìí gìtá báàsì, Jang Do-il nídìí ìlù, Seo Kyung-jong nídìí kíbọ́ọ̀dù. Iléèwé Jungsang tí wọ́n bá ara wọn kún fún ọmọ olówó, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Strawberry Fields sì ti rinlẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Eré kò tíì lọ jìnnà rárá tí Byung-hee fi kú. Kí ẹni tí kò tíì wò ó má bínú sí wa. A ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí ká fo ikú yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ji-hyuk, tó gba ipò olórí àti akọrin lẹ́yìn ikú Byung-hee, ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbí. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ so lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ wó. Nínú ẹgbẹ́ orin, kíì, ìyẹn ìwọ̀n gíga tàbí ìsàlẹ̀ ohùn tí a gbé orin kà, ni àṣìṣe yìí ti kọ́kọ́ máa ń hàn. Orin tí a gbé ka ohùn tó ń gun òkè kò lè rọ ohùn tó wà nísàlẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n á ní kí ẹni tuntun ṣá gbìyànjú, òun náà á máa pariwo kó lè dé ibi tí ẹni àná ń dé, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ohùn rẹ̀ á ti ha. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í nini lára. Ẹ sọ kíì kalẹ̀. Orin tó wà ní kíì E, ẹ kọ ọ́ ní D, tó relẹ̀ jù ú lọ, wò. Bí gìtá àti báàsì bá tú gbogbo okùn wọn wálẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn, ìka wọn kò ní yí ipò padà. Kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnnì tó ń sún kíì. Onílù kò ní ohunkóhun í ṣe. Àmọ́ tí ẹ bá tú okùn kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹ fẹ́ dé C, okùn á dẹ̀, á máa gbọ̀n lára igi gìtá, ìró rẹ̀ á sì dàrú. Okùn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ máa rà, tàbí kí ẹ fi okùn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá kọ́ ipò ìka tuntun.

Ìṣòro kejì wà lọ́wọ́ Ji-hyuk fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ta gìtá tẹ́lẹ̀ láìkọrin, tó wá di akọrin, ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ á máa fa ara wọn. Ohun tó bá dí jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí Hyun-soo gbà á. Kí Ji-hyuk máa lu kọ́ọ̀dù lásán, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sábẹ́ ọ̀rọ̀ orin. Kó fi ọwọ́ nìkan ṣe é ná, kí mẹ́tírónóòmù orí fóònù, ohun tó ń ka ìyára orin, wà ní 70 ní ìṣẹ́jú kan, títí tí kò fi ní máa wo ìka mọ́. Kó wá máa kùn ún sí ohùn, láìsí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ á wọlé, tí wọ́n á sì máa fi 5 kún ìyára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá sáré fo ìpele kíkùn yẹn, ìlà kejì orin ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa dúró.

Àlàfo tó ṣẹ́ kù, kíbọ́ọ̀dù ló lè dí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gìtá fi ariwo dí i. Ìlù kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń dín ohùn kù, nítorí náà òun la fi ń ṣe òdiwọ̀n: báàsì á bá a dọ́gba, kíbọ́ọ̀dù àti gìtá á wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ohùn akọrin á lé gbogbo wọn. Bí olúkúlùkù bá ń yí tirẹ̀ sókè kó lè gbọ́ ara rẹ̀, akọrin nìkan la ò ní gbọ́. Kí Ha-jin àti Do-il máa ṣáájú àwọn yòókù dé ibi ìdánrawò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí báàsì àti ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù mọ ara wọn. Lee Hyun-jae tó ṣe Do-il ti jẹ́ onílù gidi nínú ẹgbẹ́ orin Mate. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe tú sílẹ̀ nígbà tó bá ń lù.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Ilé iṣẹ́ orin gba Eye Candy, ojú wọn sì kúrò lára ẹgbẹ́, ó dúró sára Hyun-soo. A ò lè bá Hyun-soo wí pé ó wo owó náà. Ilé wọn nílò rẹ̀. Ohun tó dùn wá ni pé kò sí àdéhùn kankan láàárín àwọn ọ̀rẹ́ yìí tí a lè fà yọ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó kúrò ní ibi ìdánrawò lọ́jọ́ tí orin bá parí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó gbé ohùn kalẹ̀, ìpín kálukú nínú ọgọ́rùn-ún, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀, tí márààrún gbé ohùn kalẹ̀, 50 jẹ́ ti ọ̀rọ̀, 50 yòókù á pín sí mẹ́wàá mẹ́wàá; ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, tí òun náà wà lára àwọn márùn-ún, ní 60, àwọn yòókù ní 10 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Òfin Kòríà fún orin ní ààbò fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, àwọn ẹbí òkú ló sì ń jogún ìpín rẹ̀. Orin Byung-hee kò di ti ẹgbẹ́ nítorí pé ẹgbẹ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́, àwòṣe àdéhùn tí àjọ ìjọba Kòríà tó ń rí sí òwò títọ́ gbé jáde ní 2009 sọ pé bó bá ju ọdún 7 lọ, akọrin lè fòpin sí i lẹ́yìn ọdún keje. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 19 (20 ni nígbà tí eré yìí jáde), òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè ẹni tó ni orúkọ ẹgbẹ́. Kim Myung-soo tó ṣe Hyun-soo wà nínú INFINITE, ẹgbẹ́ orin Kòríà kan tó jáde ní 2010. Méje ni wọ́n, wọ́n di mẹ́fà ní 2017, kò sì sí orúkọ lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn títí di 2023, nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọ̀rọọ̀rún. Ẹ máa ṣí ìwé àdéhùn yín wò lọ́dọọdún.

Fún ọkùnrin Kòríà, ogún ọdún ti òwe yẹn ní ọjọ́ tí a mọ̀: iṣẹ́ ológun tí òfin sọ di dandan. Oṣù 21 ni ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní 2012. Ó ti di 18 báyìí. Bí márùn-ún bá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù 90 nìyẹn, ọdún méje ààbọ̀ tí ẹgbẹ́ kò ní pé. Bí wọ́n bá lọ láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, ọdún méjì ni. Torí náà ẹ jọ mú àsìkò, kí ẹ sì gba ohùn gìtá, báàsì, ìlù àti kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó fá irun lọ wọṣẹ́ ológun, kí àwọn tó kù nílé lè rí nǹkan parí.